Ìdin Inú Máńgòrò Ìgbẹ̀yìn

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, tí máńgòrò ìgbẹ̀yìn sì wọ Ọjà Tuntun ní Ìlọrin, ìfura ni oníbàárà fi ń rajà. Wọ́n á yí èso wò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé kò sí ìdin nínú èyí?" Ìyá alátẹ ò lè búra. Nígbà tó ra apẹ̀rẹ̀ náà, ara èso ń dán. Ojú ibi tí eṣinṣin ti fi ẹyin sínú rẹ̀ kéré débi pé èèyàn kì í tètè rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ á rọ̀, á dúdú, omi á sì máa sun jáde.

Ẹ̀bi alátẹ kọ́. Éṣíà ni eṣinṣin yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bactrocera dorsalis, ti wá. Ní 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, kò sì pẹ́ tó fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Abo kan lè yé ẹyin tó ju 1,000 lọ láyé rẹ̀. Ìdin á jẹ èso yó, á já bọ́, á wọ inú ilẹ̀, á sì jáde bí eṣinṣin tuntun. Láti ẹyin dé eṣinṣin, kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ.

Ohun tó ń pa máńgòrò ìgbẹ̀yìn lára gan-an nìyẹn. Èyí tó kọ́kọ́ pọ́n máa ń yè é, torí eṣinṣin ò pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n inú èyí tó jábọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣà ni wọ́n ti ń bí sí i, títí òjò á fi rọ̀, tí wọ́n á sì bo oko. Ìṣòro kan náà ni àwọn tó ń gbin èso àjàrà àti èso kan tí wọ́n ń pè ní raspberry ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń bá yí láti 2008, nígbà tí Drosophila suzukii, eṣinṣin kékeré mìíràn láti Éṣíà, wọ ilẹ̀ wọn. Èso tó pẹ́ kó tó pọ́n ló ń jìyà jù níbẹ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, bí wọ́n bá ti rí ìdin, oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń sáré wá. Oògùn tí wọ́n fọ́n sára èso kì í tètè dé ọ̀dọ̀ ìdin tó ti wà nínú, ó sì lè kù sára ohun tí ọmọ ẹlòmíì máa jẹ. Èyí tó tún burú ni pé ó ń pa èèrà.

Èèrà wo? Àwọn èèrà pupa tó ń rán ewé pọ̀ lórí igi fi ṣe ilé. Ní 2005, àwọn olùwádìí Paul Van Mele, Jean-François Vayssières àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ oko máńgòrò mẹ́fà wò nítòsí Parakou ní Benin, ìlú tí kò jìnnà sí ààlà Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìpíndọ́gba èso tí eṣinṣin bàjẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 1 nínú 100 dé 24 nínú 100, gẹ́gẹ́ bí èèrà yìí bá ṣe pọ̀ lóko tàbí tí kò bá sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n tún rí i ní 2006 pé láti àárín oṣù Karùn-ún, bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ni eṣinṣin àjèjì náà ń pọ̀ lójijì. Èèrà ń jẹ ìdin, òórùn tó fi sílẹ̀ lára èso sì ń lé abo eṣinṣin. Lóòótọ́, ó ń ta ẹni tó ń ká èso, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa dáná sun ilé rẹ̀. Àdánù gidi ni wọ́n ń ṣe fún ara wọn.

Èyí tó kù, agbára gbogbo èèyàn ká a. Kí wọ́n ṣa gbogbo èso tó jábọ́, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí wọ́n so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí wọ́n sì fi í sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Tàbí kí wọ́n gbẹ́ kòtò tó jìn ju orúnkún àgbàlagbà lọ, kí wọ́n da èso náà sínú rẹ̀, kí wọ́n sì bò ó dáadáa. Pákúté tí wọ́n fi òórùn methyl eugenol sí wúlò, àmọ́ akọ nìkan ló ń fà.

Ọjà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Máńgòrò jíjẹrà tí wọ́n dà sórí ilẹ̀ lẹ́yìn àtẹ jẹ́ ilé ìbímọ fún eṣinṣin tó ń fò padà sára igi inú àgbàlá àti oko tó wà nítòsí. Ó yẹ kí ọ̀rá dúdú wà fún gbogbo alátẹ èso ní Ọjà Tuntun, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì máa kó o lójoojúmọ́ nígbà máńgòrò. Ìlọrin ni olú ilé iṣẹ́ NSPRI wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìtọ́jú irè oko. Kí ó tó di oṣù Kẹta, tí máńgòrò á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí wọ́n wá jókòó pẹ̀lú ìyálọ́jà àtàwọn alátẹ èso, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń di ọ̀rá náà hàn wọ́n lójú ọjà.