Awọ Ara Kì í Ṣe Ìwé Ẹ̀ṣẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ọmọ ènìyàn ní ìdúró tí ó rẹwà jùlọ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà láàrin wa tí a ń fi aṣọ bò, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń pa wá. Ara ẹnìkan nínú wa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ìléròrò wẹ́wẹ́ yóò sú sí i ní apá àti ẹsẹ̀. Bí èyí bá ń san, òmíràn yóò jáde, ojú àpá yóò sì dúdú. Oṣù kan yóò di mẹ́ta, mẹ́ta yóò di mẹ́fà. Ìjọ kan yóò ní ọ̀tá ni ó rán an sí i. Wọn yóò mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi àdínì ṣe òwò, kí ó fọ hàntú fún un mu, kí ó sì so tírà mọ́ ọn ní ìbàdí. Ìjọ kejì kò ní sọ̀rọ̀ sókè; wọn yóò kàn máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú sàfù, wọn yóò máa sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé sìná ni ó so èso lára rẹ̀.

Ìjọ méjèèjì yìí dà bí ọ̀tá ara wọn, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe: wọ́n sọ awọ ara di ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà. A ń sọ ọ́ gbangba pé irọ́ ni.

Kí ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà? Kòkòrò HIV máa ń wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní CD4. Àwọn wọ̀nyí ni balógun tí ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun ara. Inú wọn ni kòkòrò náà ti ń bí sí i, tí ó sì ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí àmì kankan ní òde ara. Nígbà tí balógun bá dínkù, ogun a dàrú: ara kò ní lè ja ìjà tí ó yẹ kí ó jà, yóò sì máa bínú kọjá ààlà sí ohun kékeré. Ní ọdún 2004, àwọn oníṣègùn tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Uganda fi hàn pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú ìléròrò yíyún bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìbínú àwọ̀ sí jíjẹ tí kòkòrò afò bí ẹ̀fọn ń jẹ ènìyàn. Kì í ṣe pé ẹ̀fọn ni ó gbé HIV wá. Ẹ̀fọn kì í gbé e. Ara tí kò mọ ìwọ̀n ìjà mọ́ ni.

Ìléròrò mìíràn tún wà tí ń jóni bí iná, tí ó ń tò gba ẹ̀gbẹ́ kan ara bí ìgbànú: ṣíkìn-pọ́ọ̀sì tí ó ṣe ènìyàn ní kékeré ni, tí ó fara pamọ́ sínú iṣan, tí ó wá jí. Àbààwọ́n jẹjẹrẹ kan tí ń hàn lára àwọ̀ sì wà nínú àwọn àmì àkọ́kọ́ tí ó ta àwọn dókítà Amẹ́ríkà lólobó ní ọdún 1981. Àwọn baba wa ní bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tí ó ń fi ìpara pa ìléròrò, tí ó fi kòkòrò sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ èékánná ni ó ń ṣe.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ara yíyún ni HIV. Kúrùnà wà, làpálàpá wà, ooru wà, ọṣẹ tí kò bá ara mu wà. Ojú kò lè ka ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tírà, ọ̀dọ̀ yín ni a kọ́kọ́ kọjú sí. Ànábì pa á láṣẹ kí a wá ìwòsàn, ó sì kọ́ wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Níbo ni ó ti ní kí a fi okùn àti awọ dípò rẹ̀? Àdúà kò burú, òun ni ohun ìjà onígbàgbọ́. Ẹbọ ni ó burú. Ẹ má sì fi kádàrá ṣe àwáwí. Nígbà tí Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀, ó yí padà. Abu Ubayda bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Èsì rẹ̀ ni pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun ni òun ń lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Gbogbo oṣù tí aláìsàn bá fi so tírà yín, oṣù tí balógun ara rẹ̀ ń kú ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, ó kàn yín. Nínú Súrà An-Nuur, Ọlọ́hun ní ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn sìná kan obìnrin ọmọlúàbí, tí kò mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, ọgọ́rin pàṣán ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣé ìléròrò mẹ́rin ti wá di ẹlẹ́rìí mẹ́rin? Ọmọ ọwọ́ tí ó kó o nígbà ìbí tàbí nínú ọmú ìyá rẹ̀, sìná wo ni ó ṣe? Ìyàwó tí kò mọ ọkùnrin kan yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò sí lára ńkọ́? Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan ṣẹ̀, ta ni ó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ìronúpìwàdà? Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 ka yíya ẹni tí ó ní kòkòrò yìí sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ìwé òfin ìjọba ní àánú ju mọ́sáláṣí lọ? Ìtìjú tí ẹ dá sílẹ̀ ni ó ń mú kí aláìsàn sá fún àyẹ̀wò títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an tí a fi ń pè é, "kògbóògùn", ti di irọ́. Nígbà tí a kéde àwọn tí ó kọ́kọ́ ní in ní Nàìjíríà ní ọdún 1986, kò sí oògùn rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti sọ fún gbogbo ayé ní oṣù kẹjọ ọdún 1997 pé àrùn yìí ni ó pa àbúrò òun, Fẹlá, àpapọ̀ oògùn tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè ni. Ṣùgbọ́n ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò pínpín oògùn náà ní ọdún 2002, láti ọdún 2015 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú fún ẹnikẹ́ni tí àyẹ̀wò bá ti mú. Oògùn náà kò lé kòkòrò náà tán. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó títí ayé, ẹni tí ó bá sì ní òun lè wò ó tán pẹ̀lú àgbo tàbí hàntú, òpùrọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń tẹ kòkòrò náà rì, balógun ara a tún pọ̀, ìléròrò a sì máa lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí oògùn bá ti tẹ kòkòrò rẹ̀ rì tí àyẹ̀wò kò rí i mọ́ kò ní kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Bí àwọ̀ bá tún yọ nǹkan lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a padà sí. Kí a má ṣe da oògùn nù.

Nítorí náà, ẹni tí ara yíyún rẹ̀ bá pẹ́ tàbí tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, kí ó lọ fún àyẹ̀wò. Kí ọkùnrin àti obìnrin ṣe é kí a tó so yìgì wọn, kí àṣírí èsì sì wà láàrin àwọn méjèèjì. Kí àwọn ìmáàmù sọ ọ́ lórí mínbárì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún kúrò nínú sàfù, nítorí bíbọ ọwọ́, ẹní ìkírun àti búúta àlùwàlá kì í ran kòkòrò yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ̀rù bá ń ba ará yín, ẹ sìn ín dé ọsibítù. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Ọlọ́hun tí ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Ànábì Ayyub nínú ìpọ́njú rẹ̀, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì fọ ahọ́n àwa tí ara wa le. Àmín.