Níti Hẹlikọ́pítà Tí A Fi Pákó Àpótí Ṣe

Láti ọjọ́ tí a ti gbé hẹlikọ́pítà kékeré kan, tí a fi pákó ṣe, kalẹ̀ sórí tábìlì ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tí ì tán lẹ́nu àwọn ènìyàn nínú ọgbà wa. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní eré ọmọdé ni, kò sì yẹ ẹni tí ń múra láti di olùkọ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa, ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi, béèrè bí ó bá tọ́ kí ohun èlò ogun dúró ní ibi tí a ti ń wàásù àlàáfíà. Ìbéèrè méjèèjì ni ó yẹ ní ìdáhùn. Nítorí náà ni àwa tí a ṣe é fi gbé kálàmù wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí a ti ṣe é. Ní àkókò ìsinmi, a lọ sí Warehouse Road ní Àpápá, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ti ń kó ẹrù tí ó ti èbúté wá. Ẹni tí ó bá ń wá pákó kò ní rìn lásán níbẹ̀, nítorí àpótí tí a fi di ẹrù láti òkè òkun kì í níye lórí mọ́ nígbà tí a bá ti tú ẹrù inú rẹ̀. A fi owó díẹ̀ ra pákó pẹlẹbẹ, a sì ré kọjá sí Ajégúnlẹ̀, níbi tí a ti rí sípóòkì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ àti àtẹ́lẹ̀ sálúbàtà tí ó ti gbó, èyí tí a gé ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Àwọn tí ó sọ àdúgbò náà lórúkọ kò ṣìnà: ajé gúnlẹ̀ fún àwa náà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ààtàn ni a ti bá a pàdé.

Sikorsky R-4 ni ọkọ̀ tí a yàn. Igor Sikorsky, ẹni tí a bí ní ìlú Kiev ní ọdún 1889, tí ó sì di ará Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ni ó ṣe é. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1942 ni ó kọ́kọ́ fò. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni ó ń yí lórí rẹ̀, òbìrí tí wọ́n sì ń fà sójú òfurufú fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 38. A mú ìdajì íǹṣì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, bẹ́ẹ̀ ni tiwa fi jẹ́ íǹṣì 19. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn èyí kì yóò bẹ̀rù ìṣirò ìwọ̀n mọ́. Egungun ọkọ̀ gidi jẹ́ ọ̀pá irin tí a fi aṣọ bò. Tiwa jẹ́ pákó àti sípóòkì, tí a fi aṣọ tí a rì sínú sítáàṣì bò. Abẹ̀bẹ̀ tí a kọ́kọ́ gbẹ́ wúwo jù, ó sì tẹ orí ọkọ̀ náà ba. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi tún un ṣe.

A fi rọ́bà sí inú rẹ̀ láti máa yí abẹ̀bẹ̀ òkè. Nígbà tí a so ọkọ̀ náà rọ̀, tí a sì jọ̀wọ́ rọ́bà, bí abẹ̀bẹ̀ ti ń yí sí apá kan ni ara ọkọ̀ ń yí sí apá kejì. Ẹnu ya àwọn tí ń wòran. Nígbà náà ni ó yé wọn ìdí rẹ̀ tí ọkọ̀ gidi fi ní abẹ̀bẹ̀ kékeré ní ìrù: òun ni ó ń di ara ọkọ̀ mú kí ó má ba à máa pòòyì. Bí ẹnì kan bá pe èyí ní eré ọmọdé, a bẹ̀ ẹ́ kí ó ránti Besaleli, ẹni tí a yàn sí iṣẹ́ ọnà àgọ́ nínú aginjù. Kò sí ẹni tí ó fi í ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé ó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́.

Níti ọ̀dà kíkùn, díẹ̀ ni ó kù kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa. Àwọn kan fẹ́ kí a fi àwọ̀ ewé àti funfun ti àsíá Nàìjíríà kùn ún, kí ó lè dùn mọ́ àwọn ọmọdé. Àwa ìyókù kò gbà. Àwọ̀ ewé tí ó ṣú, tí kò dán, ni a fi kùn ún nígbà ogun, àmì ìràwọ̀ funfun ti Amẹ́ríkà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A po ọ̀dà ewé pọ̀ mọ́ dúdú àti ìyeyè díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dán bí abọ́ tuntun, títí ọ̀kan nínú wa fi lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, tí ó sì dà á sí i. Dídán náà kú lójú ẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ ni ó parí iṣẹ́ náà. Èrò wa ni pé olùkọ́ tí ó bá yí àwọ̀ ohun kan padà lónìí kí ó lè dùn lójú ọmọ, yóò yí ìtàn padà lọ́la fún ìdí kan náà.

Nísisìyí, ti ogun ńkọ́? Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 1944, ní ilẹ̀ Bọ́má, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Carter Harman wa irú ọkọ̀ yìí lọ sí ẹ̀yìn àwọn ará Jàpáàn. Awakọ̀ òfurufú kan àti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tí wọn kò lè rìn ni ó há síbẹ̀. Ooru àti gíga ilẹ̀ náà mú agbára ẹ̀rọ rẹ̀ dínkù, tí kò fi lè gbé ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, títí ó fi kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ hẹlikọ́pítà lójú ogun nìyí, ìgbàlà sì ni.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà ní Bọ́má ní ọdún kan náà. Isaac Fadoyebo, ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, ni ọta ìbọn ṣẹ́ ní itan ní àfonífojì Kaladan ní oṣù Kẹta. Kò sí hẹlikọ́pítà kankan tí ó wá gbé e. Àwọn ará abúlé, tí kò ní nǹkan, tí ikú sì lè jẹ́ èrè wọn bí àṣírí bá tú, ni ó fi òun àti ẹnìkejì rẹ̀ láti Sierra Leone pamọ́, tí wọ́n sì bọ́ wọn títí di oṣù Kejìlá. Ó padà sílé, ó sì gbé láyé títí di ọdún 2012. Ará Samáríà kò kú tán ní ayé.

Àwa kò sọ pé ọkọ̀ náà mọ́ tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ayé gbé ìbọn lé irú rẹ̀, tí ó sì fi í pa ènìyàn. Ó tọ́ kí a sọ èyí náà fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ohun ogun gbogbo kúrò lójú wọn, ta ni yóò sọ ti Fadoyebo fún wọn?

Nítorí náà ni a fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe gbé ọkọ̀ náà kúrò. A ń gbẹ́ ọkùnrin kan lọ́wọ́ tí yóò dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; bí ó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, íǹṣì mẹ́ta ni yóò jẹ́. A ó kọ ìtàn Harman àti ti Fadoyebo sára páálí kan náà. A sì rọ gbogbo ẹlẹgbẹ́ wa tí ń lọ kọ́ni ní abúlé kí wọ́n mọ ọ̀bẹ àti pákó í lò, nítorí ilé-ìwé tí ń wá owó ìwé kiri kò lè ra ọkọ̀ oníke tí ń bẹ nínú páálí, ṣùgbọ́n pákó àpótí kò wọ́n ní ọjà kankan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a ti ṣe ìwọ̀n tí ọwọ́ wa tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ibi kan sílẹ̀ fún un lórí pẹpẹ.