Omi Ìkógòsì: Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí a sọ Ìkógòsì di Lẹ́kkí kejì, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Láti ọdún 2006 tí wọ́n ti dá Lẹ́kkí Free Zone sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ti pọ̀ níbẹ̀, èbúté sì ń gba ọkọ̀ òkun. Síbẹ̀, àwọn onílẹ̀ kan ṣì ń ráhùn owó gbà-má-bínú.

Ní Ìkógòsì, ní Èkìtì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà kọ́ àgọ́ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ìjọba Fáyẹmí tún ibẹ̀ ṣe láàrin 2010 sí 2014. Ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n ń kọ́. Ta ni ń kọ́ ìlú?

Ẹ wo Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Róòmù kọ́ ilé ìwẹ̀ sí ìdí omi gbígbóná ibẹ̀. Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni ín. Owó tí àlejò ń san ń wọ àpò wọn.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀: kí òfin Èkìtì ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún Ìkógòsì nínú owó ẹnu-ọ̀nà, kí ọmọ ìlú sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso rẹ̀. A kì í gbé létí odò kí a máa fi itọ́ ṣanwọ́.