Ìforúkọsílẹ̀ Kọ́ Ni Iṣẹ́

Kò sí oníbàárà tó ń náwó tó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà láyé yìí. Lọ́dún ìṣúná 2023 nìkan, owó tó fi gbé iṣẹ́ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe lé ní 700 bílíọ̀nù dọ́là. Bí oníṣòwò kan ní Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn bá gbọ́ iye yìí, tí ojú rẹ̀ sì wọ iṣẹ́ náà, kò ṣẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ ni àwọn alárinà tó ń fi ìrètí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹun. Wọ́n á ní kó san ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là kí àwọn lè bá a kọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí SAM.gov, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba yẹn ti ń forúkọ sílẹ̀. Wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, orúkọ nìkan ló kù.

Ìjọba Amẹ́ríkà kì í gba kọ́bọ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ yìí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ láti CAC, àdírẹ́sì tó dájú, íntánẹ́ẹ̀tì àti sùúrù ni oníṣòwò nílò. Ilé iṣẹ́ tó bá wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà á kọ́kọ́ gba nọ́ńbà NCAGE lọ́wọ́ ẹ̀ka ìpèsè NATO, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ló kan SAM.gov fúnra rẹ̀, tí yóò fún un ní nọ́ńbà UEI, èyí tó rọ́pò nọ́ńbà DUNS tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ilé iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà, tí kì í sì í san owó orí níbẹ̀, kò nílò nọ́ńbà owó orí wọn. Ohun tó ń dá ènìyàn dúró kéré lójú: orúkọ àti àdírẹ́sì inú NCAGE gbọ́dọ̀ bá ti SAM.gov mu régí. Ẹni tó kọ “Limited” síbì kan, tó wá kọ “Ltd” síbì kejì, ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìdádúró. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń sọ ìforúkọsílẹ̀ dọ̀tun, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni. Alárinà á tún gbowó ìyẹn pẹ̀lú.

Ká tiẹ̀ ní orúkọ ti wọlé, òfin ló kàn. Láti 1933 ni òfin Buy American ti wà, tó ní kí ìjọba Amẹ́ríkà fi ojúure wo ọjà tí wọ́n ṣe nílé. Bí iye tí àlejò pè bá kéré jù, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e kí wọ́n tó fi wé ti onílé. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kékeré wọn ló ń bá a du ú, ìdá 30 ni. Ilé iṣẹ́ ológun wọn tiẹ̀ ń fi ìdá 50 lé e. Oníṣòwò Nàìjíríà tí ọjà rẹ̀ bá pọ́ọ́kú gan-an ṣì lè là á já níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọjà tí wọ́n fẹ́ rà bá ti kọjá iye kan, iye tí wọ́n ń tún ṣe ní ọdún méjì méjì, òfin mìíràn ló ń ṣiṣẹ́: òfin àdéhùn ìṣòwò ti 1979. Òfin yìí ya àwọn orílẹ̀-èdè kan sọ́tọ̀, tí wọ́n á ka ọjà wọn sí ẹgbẹ́ ọjà Amẹ́ríkà. Lára wọn ni àwọn tó wọ àdéhùn rírà ìjọba lábẹ́ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, àwọn tó bá Amẹ́ríkà ní àdéhùn òwò láàárín ara wọn, àti àwọn tí ayé kà sí orílẹ̀-èdè tí ìdàgbàsókè wọn kéré jù lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tó tíì wọ àdéhùn àkọ́kọ́ yẹn, Nàìjíríà kò ní irú ìkejì, wọn kò sì kà á mọ́ àwọn tí ìdàgbàsókè wọn kéré jù. Nítorí náà, ọjà Nàìjíríà kò ní àyè láti díje rárá nínú irú rírà bẹ́ẹ̀, àfi bí kò bá sí ọjà tó tó láti ibòmíràn.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ká ní káfíńtà kan wà ní Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, òmíràn sì wà ní Ìdírokò ní Nàìjíríà, tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ Yorùbá, tí wọ́n sì ń la igi kan náà. Àga ọ́fíìsì tí ti Àjàṣẹ́ kàn lè bá ti Amẹ́ríkà díje láìsí pé wọ́n fi nǹkan kan lé iye rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti ya iṣẹ́ ọ̀hún sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ kéékèèké tiwọn. Wọn kò ní wo ti Ìdírokò lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà ni òfin yìí ń wò, kì í wo ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Ọmọ Yorùbá tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Houston, tó ń kó àga Ìdírokò wọ̀lú, kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni kí ènìyàn mọ èyí, kó sì gba owó káfíńtà Ìdírokò láìsọ fún un.

Iṣẹ́ tí ọwọ́ lè tó wà nítòsí. Ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá àti kọ́ńsúlétì wọn ní Èkó nílò ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ọgbà àti ẹni tó ń tẹ̀wé. Òfin 1933 kò kan ọjà tí wọ́n fẹ́ lò lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé kíkọ́ kọ́ńsúlétì tuntun ní Eko Atlantic fún, iṣẹ́ 537 mílíọ̀nù dọ́là, torí òfin 1986 fi irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò lè ru yanrìn àti oúnjẹ òṣìṣẹ́ wá láti Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ń ra nǹkan, UNGM ni ibi ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní kí Nàìjíríà kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn òwò kankan.

Àwọn kan á ní kí Nàìjíríà kúkú wọ àdéhùn Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé náà. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ òfin ìgbéṣẹ́fúnni ti 2007 fàyè gba kí ìjọba Nàìjíríà fi àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, àti pé ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí ìlànà tó gbé ọjà ilẹ̀ yìí sí iwájú. Ìlànà yẹn tọ̀nà. Ilé iṣẹ́ tí kò rí iná lò kò lè bá ará Jámánì du iṣẹ́ ní Àbújá. Ṣùgbọ́n ìjọba tó ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ jẹ àwọn oníṣòwò rẹ̀ ní àlàyé lórí ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn tì mọ́ wọn. Kamẹrúùnù àti Côte d'Ivoire ti gba àyè olùwòran nínú ìgbìmọ̀ àdéhùn yẹn. Olùwòran kì í ṣí ọjà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni, ó sì ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó yẹ kí Nàìjíríà béèrè fún irú àyè bẹ́ẹ̀. NEPC, àjọ tó ń rí sí ọjà títà sókè òkun, sì gbọ́dọ̀ tẹ ìwé pélébé kan jáde ní Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, tí yóò sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, tí yóò sọ ọjà tí òfin gbà àti èyí tí kò gbà, àti bí a ṣe ń wá iṣẹ́ tó wà ní Àbújá àti Èkó. Kí wọ́n kó o sí gbogbo ọ́fíìsì CAC, kí oníṣòwò lè rí i kí alárinà tó rí òun.