Ta ló ń wọn iyì òógùn?

1/ Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kẹ́ ẹ tó bú mi: ọ̀pọ̀ nínú wa ò fẹ́ràn eré ìmárale. Fídíò rẹ̀ la fẹ́ràn.

2/ Fóònù ń ka ìṣísẹ̀ wa, aago ọwọ́ ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ó dáa. Àmọ́ kò sí èyí tó ń bi wá pé: làálàá yẹn fúnra ẹ̀, ṣé ó níyì lójú yín, àbí ẹ kàn ń fara dà á nítorí ikùn pẹlẹbẹ?

3/ Gunnar Borg, onímọ̀ ará Sweden, ṣe òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ṣì ń lò dòní. 6 ló ti bẹ̀rẹ̀: kò le rárá. 20 ló parí sí: agbára tán pátápátá. Ẹni tó ń ṣe é ló máa sọ nọ́ńbà tóun wà. Èmi àti ẹ̀yin lè jọ sọ pé 15, kínú mi máa dùn pé mò ń làágùn, kẹ́yin máa ṣépè fẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ wá. Bó ṣe le tó nìyẹn. Bó ṣe níyì tó ńkọ́?

4/ Òṣùwọ̀n tèmi rèé: tí ọ̀nà tó rọrùn àtèyí tó le bá jọ wà níwájú yín, tí kò sí kámẹ́rà, èwo lẹ máa gbà?

5/ A sanwó jíìmù, a gun ọ̀kadà débẹ̀, ká lè lọ rìn lórí ẹ̀rọ. Ọmọge tó bá fẹsẹ̀ rìn láti ọjà délé, a ní "àánú ẹ̀ ṣe mí o, kò rówó ọkọ̀." Ìrìn kan náà! Èyí tá a sanwó fún ni ìmárale, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wá di ìṣẹ́.

6/ Àjọ Ìlera Àgbáyé ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìlànà wọn ti ọdún 2020 ní kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lo ara níwọ̀nba lọ́sẹ̀. Ìrìn wà ńbẹ̀. Iṣẹ́ ilé náà wà ńbẹ̀.

7/ Ẹnìkan máa ní: "Ṣé ìmárale lalábàárù náà ń ṣe ni?" Rárá o. Kò yan ẹrù orí ẹ̀. Àìní ló gbé e rù ú. Ẹ má fi ìyà ẹlòmíì ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí. Àwa tá a lè yàn ni mò ń bá wí, àwa tá à ń gun ọ̀kadà fún ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n má bàa rò pé a ò lówó.

8/ Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwa ń bá oyin ya fọ́tò, a wá ń fi àáké ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò sì bèèrè rìsíìtì jíìmù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

9/ Lọ́la, ẹ fẹsẹ̀ rìn débì kan. Ẹ má ká a sí fídíò. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ sọ nọ́ńbà yín fún mi, láti 6 dé 20. Kẹ́ ẹ tún sọ òótọ́: ṣé ó dùn mọ́ yín?