Ẹ Má Gé Igi Máńgòrò Nítorí Koríko

Ẹ̀yin ará Kàbà, ẹ̀yin ọmọ Òkun nílé lóko, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bó bá dun ẹnikẹ́ni, kó má bínú. Ẹni ọ̀rọ̀ bá ló mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá, ó wá kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Igi máńgòrò ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé náà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti máa ń bó ẹ̀gúsí nígbà ayé rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn ẹbí ti máa ń parí ìjà. Ọ̀gá yìí ní lọ́ọ̀nù lòun fẹ́, koríko tútù minimini bíi ti ilé àwọn ọlọ́lá tóun rí l'Ábújá. Ó ra koríko Bàhámà, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ igi. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kú. Lọ́dún kejì ó tún ra òmíràn, ìyẹn náà kú. Lọ́dún kẹta, inú bí i, ó pe àwọn tó ní ẹ̀rọ agégi. Wọ́n wó igi lulẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ṣé koríko wá yè? Ó yè nígbà òjò. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí kànga gbẹ, tó di pé omi rírà ni wọ́n ń mu nínú ilé, ta ni yóò fi omi bomi rin koríko? Ó gbẹ pátápátá. Ni ọ̀gá bá ra síméńtì, ó da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, inú yàrá ìyá arúgbó kan tó jẹ́ opó, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wọn, ni gbogbo àgbàrá wọ́ lọ. Nígbà tí mo lọ kí ìyá náà, tí mo ní, "Òkun o, ìyá," ó ní, "Òkun o, ọmọ mi. Omi tí ilẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀ ni mo wá ń fi igbá gbọ́n yìí."

Ta ló jẹ̀bi? Àbí igi náà ni?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó la ti kọ́ àṣà lọ́ọ̀nù yìí. Lọ́kọ́ja tó jẹ́ olú ìlú wa yìí ni Lugard ti ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Àwọn tó wá ṣe ìjọba lé wa lórí fẹ́ kí àyíká ilé wọn jọ ilẹ̀ wọn, níbi tí òjò ti ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ jálẹ̀ ọdún, tí oòrùn kò sì mú ganrínganrín. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti lébìrà ló ń bá wọn gé e. Síbẹ̀, àwọn òyìnbó náà gbin igi sẹ́bàá ọ̀nà, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní ibòòji níhìn-ín, oòrùn yóò yan án bí àgbàdo.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan síbẹ̀. Igi máńgòrò kì í wọ́wé tán. Tọ̀sán-tòru, tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ dí. Gbòǹgbò rẹ̀ ń mu omi tó yẹ kí koríko mu. Koríko Bàhámà ní tirẹ̀, oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín sábẹ́ máńgòrò ti sin owó mọ́lẹ̀ láàyè.

Bẹ́ ẹ bá ní dandan, koríko lẹ fẹ́ lábẹ́ igi, ẹ wá èyí tó ní ewé fẹ̀ǹfẹ̀, tí àwọn olùtajà ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn lè fara da ibòòji díẹ̀. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi kí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ lè wọlé. Ẹ tú ilẹ̀ díẹ̀, ẹ má fi ọkọ́ ṣá gbòǹgbò, ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kó lè rí oṣù mélòó kan ta gbòǹgbò kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ẹ má gé e kanlẹ̀. Kó ga tó ínǹṣì 3, torí ewé ló fi ń gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá rí. Ẹ sì máa ṣa ewé máńgòrò kúrò lórí rẹ̀, kó má baà bò ó pa.

Ibi tí ibòòji bá ti dí jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi koríko sílẹ̀. Wọ̀rọ̀wọ́ ńkọ́? Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ̀ pé abẹ́ igi ló ti ń ṣe dáadáa. Bí ilẹ̀ bá tutù, ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín náà fẹ́ ibòòji. Ẹ̀yìnkùlé yín á lẹ́wà, ẹ ó sì rí ọbẹ̀ jẹ. Ìdí igi gan-an, ẹ gbá a, kẹ́ ẹ gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbá lásán ni àgbàrá ń wọ́ lọ, tí ìpìlẹ̀ ilé fi ń yọ síta?" Òótọ́ ni. Níbi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀, ẹ gbin koríko, yóò di ilẹ̀ mú. Èmi ò bá koríko jà. Ẹni tó ń fi igi rúbọ fún koríko ni mò ń bá wí.

Lóṣù kẹta, tí ooru Kàbà ń mú bí iná, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ọ̀gá wa gbé àga rẹ̀ sí? Abẹ́ igi máńgòrò tiwa ni. A kò lé e. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé kó fọ́ díẹ̀ nínú kọnkéré yẹn, kó la ojú gọ́tà fún omi ìyá arúgbó, kó sì gbin máńgòrò mìíràn lọ́dún yìí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò jókòó lábẹ́ rẹ̀.