Ta ló ń bọ́ onílù?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti jẹ gbèsè nítorí aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ má dá mi lóhùn, mi ò bi yín. Àwọn tó máa ń kọrin fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá wọ aṣọ ọ̀hún tán ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ wọn lónìí.

Ẹ bá mi wo Àrẹ̀mọ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà. Àtíbàbà á gba ojú títì, ọlọ́kadà á máa ṣépè, ẹnikẹ́ni ò ní í dá a lóhùn. Bọ́ọ̀sì àwọn onílù á dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á já ìlù sílẹ̀, wọ́n á so ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó di àárọ̀ kùtù kí wọ́n tó sinmi. Ẹ̀yin á lọ sùn. Àwọn kọ́? Wọ́n ti tún kó ìlù sínú bọ́ọ̀sì nìyẹn, Ìwó ni o, Ọ̀yọ́ ni o, ibi tí wọ́n bá ti san àsansílẹ̀ ni. Orí ìjókòó mọ́tò ni wọ́n ti máa ń sùn. Àwọn ọlọ́lùfẹ́ wọn kan á sì tẹ̀ lé wọn dé ọ̀hún, pẹ̀lú owó ara wọn.

Iléeṣẹ́ wo ló gba àwọn èèyàn yìí síṣẹ́? Kò sí. Wọn ò ní owó oṣù, wọn ò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn wọn lọ̀gá wọn.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Orin wéré ló bí púpọ̀ nínú àwọn orin tá à ń jó yìí. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń lùlù kiri agboolé lóru nínú oṣù Ràmádáànì, kí àwọn aláàwẹ̀ lè jí jẹ sààrì. Tí orin bá dùn, onílé á fún wọn ní nǹkan. Tí kò bá dùn, onílé á padà sórí ẹní ẹ̀. Ibẹ̀ ni Dáúdà Àkànmú Epo Àkàrà, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí lọ́dún 1943, ti gbéra kó tó sọ tiẹ̀ di Awúrebe. Ibẹ̀ náà ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí lọ́dún 1948, ti gbéra kó tó sọ tiẹ̀ di Fújì. Ohun tí wọ́n kọ́ nídìí sààrì ò sì kúrò lára wọn: ẹni tó bá máa jẹun nídìí orin gbọ́dọ̀ mọ orúkọ onílé. Abájọ tí olórin fi máa ń mọ oríkì ìdílé yín ju ẹ̀yin alára lọ.

Àwọn kan gbìyànjú kí wọ́n má jẹ́ pé orúkọ onílé nìkan làwọn á máa pè jẹun. Lọ́dún 1969, Hàrúnà Ìṣọ̀lá tó ń kọ àpàlà àti I.K. Dáíró tó ń kọ jùjú para pọ̀, wọ́n dá iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn sílẹ̀, Star Records. Àwọn méjèèjì láwọn ò ní í máa kọrin kí ẹlòmíì máa ka owó. Nígbà tó di 1979, Hàrúnà tún dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, tí wọ́n sì ti ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọkùnrin náà gbọ́n o. Àmọ́ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, àwọn oníṣòwò ayédèrú dé, wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu olórin. Lónìí, fóònù ló kù. Ẹnì kan á gba orin sílẹ̀ lóde àríyá, kílẹ̀ tó mọ́, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba ti gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé ẹ wá rí i pé òde àríyá nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn? Níbẹ̀ náà, ọkọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ẹ̀rọ ló máa ń gbé àsansílẹ̀ mì. Owó tẹ́ ẹ bá lẹ̀ mọ́ olórin níwájú orí gan-an loúnjẹ.

Owó yẹn ni òfin wá dé bá. Òfin báńkì àpapọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007 sọ pé ẹni tó bá ná náírà lóde àríyá, tàbí tó jó lórí ẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi òfin ọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́. Àfi lóṣù kẹrin ọdún 2024 tí àjọ EFCC gbé Bobrisky lọ sílé ẹjọ́ l'Ékòó, tó gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà láìfún un láǹfààní owó ìtanràn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ náwó á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì. Ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé kí àwọn kúkú fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì.

Mi ò bá òfin jà. Owó tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ewé, kò bójú mu. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tẹ́nì kan ò rò. Owó tẹ́ ẹ bá ń lẹ̀ mọ́ olórin, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń rí i. Ọmọ tó ń ṣà á sínú báàgì, ojú onígángan wà lára ẹ̀, ojú oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lára ẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́ tí ọ̀gá sọ pé owó ò wọlé, wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí. Èyí tó bá gba inú fóònù ọ̀gá wọlé ńkọ́, ta ló rí i?

Ká má purọ́, ọ̀gá ló ra ìlù, òun ló ń tún bọ́ọ̀sì ṣe, orúkọ tiẹ̀ náà lẹ sì tìtorí ẹ̀ wá. Ó yẹ kí tiẹ̀ pọ̀ jù. Àmọ́ àwọn àgbà ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Dáúdà kú lọ́dún 2005, Barrister kú lọ́dún 2010, orúkọ wọn ò parẹ́. Hàrúnà kú lọ́dún 1983, Músílíù ọmọ ẹ̀ sì gbé àpàlà baba ẹ̀ dìde. Orúkọ ni ọmọ ọ̀gá fi jẹun. Kí lọmọ oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa fi jẹun?

Ẹ̀yin ọlọ́lùfẹ́, ẹ̀yin ni mo bá wí. Láyé Barrister àti Kollington, àwọn kan ò kí ara wọn nítorí ta ló mọ Fújì í kọ jù. Títí dòní, àwọn ti Ọ̀ṣùpá àti ti Pasuma ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ń jà lórí ẹni tó jọba, ẹ ò bi ọba yín léèrè pé èló ló fún onílù ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ò le. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bá wọn dúnàá-dúrà, ẹ san owó tó tó èèyàn jẹ, ẹ má sọ pé inú ìnáwó ni wọ́n á ti rí ìyókù, òfin ti gba ìyẹn. Ẹ fi owó àwọn ọmọ ẹ̀yìn sínú àpòòwé ọ̀tọ̀, ẹ fi lé onílù tó dàgbà jù lọ́wọ́, kí gbogbo wọn máa wò yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ sì ń dáwó aṣọ lọ́dọọdún, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá dùbúlẹ̀ àìsàn. Aṣọ kan tẹ́ ẹ bá fò lọ́dún yìí, ó tó owó oògùn ẹnì kan.

Tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ wá sọ fún mi. Tẹ́ ẹ ò bá sì ṣe é, Sátidé ń bọ̀, ẹ wo ojú onígángan dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.